Oúnjẹ Ló Dá Ara Gàníyù Padà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìdèrè, nílẹ̀ Ìbàràpá, lọ́dún 1974, Àmínà gbé ẹ̀bà ka iwájú ọmọ rẹ̀, Gàníyù. Ọmọ náà bù ú, ó fi kan omi ọbẹ̀, ó gbé e mì. Kò pẹ́ tó fi fọwọ́ nu ẹnu.

"O ò jẹ ẹ́ tán," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mo ti yó, Màámi. Mò ń lọ gbé irin ní Igbó-Ọrà."

"Pẹ̀lú ara yìí? Irin náà ni yóò gbé ọ!"

Gàníyù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Sòbìà ló dá a dùbúlẹ̀ ní gbogbo àkókò iṣẹ́ oko tó kọjá. Kí aràn náà tó jáde tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti rù hangogo. Ọkọ́ tó ti ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀ wá wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ bí odó. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ nìkan ló wá ń ro oko ègúsí wọn. Gàníyù kò wá agbára nítorí fáàrí. Ó fẹ́ gba ọkọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni.

Láńrewájú, sójà kan tó ti ogun dé, ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irin gbígbé lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Ọ̀pá páìpù tí wọ́n fi agolo tó kún fún sìmẹ́ǹtì sí lórí méjèèjì ni wọ́n ń gbé. Gàníyù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dàda, a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Gàníyù kì í pa iṣẹ́ jẹ, síbẹ̀ ńṣe ló tún ń rù sí i. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìgbálẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ọkùnrin kan gbé àpótí oògùn dé. Ó ń pariwo pé: "Oògùn ìsanra rèé o! Ẹni tó bá tín-ín-rín, kó wá gbà á!"

Dàda ra tirẹ̀, ó sì ra fún Gàníyù.

"Gbé e mì," ni Dàda wí. "Wọn ò ní pè ọ́ ní Ìgbálẹ̀ mọ́."

Gàníyù kọ́kọ́ fi tirẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n Dàda ń lò ó. Kò pẹ́ tí Dàda bẹ̀rẹ̀ sí í kún lóòótọ́. Ojú rẹ̀ yọ rìbìtì. Ọkàn Gàníyù fà sí i. Ó mú hóró oògùn kan, ó ti bu omi tó máa fi gbé e mì, kó tó rò ó pé ó yẹ kí òun béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn ná. Ó kó oògùn náà sápò, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Láńrewájú yẹ oògùn náà wò títí. Kò rí orúkọ kankan lára rẹ̀.

"Ta ló fún ọ?"

"Ẹnì kan tó ń kiri ni, ọ̀gá. Dàda ń lò ó, ẹ sì rí bó ṣe kún."

"Mo rí i. Ìwọ rí bó ṣe ń mí gúlegúle lánàá? Irin tó ń gbé tẹ́lẹ̀, kò lè gbé e mọ́. Ó kún, kò lágbára. Mo rí irú rẹ̀ ní bárékè. Omi ló ń dúró sára wọn. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè fa ìtọ̀ ṣúgà. Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀bà, sà."

"Kí ló wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀?"

"Ata àti omi, sà."

Láńrewájú gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Nínú gbogbo wọn, ìwọ ni akíkanjú mi. Ṣùgbọ́n ò ń fi iṣẹ́ lo ara, o ò fún un ní ohun tó máa fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀bà dára, ó ń fúnni lókun. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀pà àti wàrà ló ń kọ́ ẹran ara. Jẹ nínú wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kí o sì máa sùn dáadáa."

"Tálákà ni wá, ọ̀gá."

"Ṣé kò sí adìẹ nílé yín ni?"

Láti ibẹ̀, àwọn méjèèjì lọ bá Dàda. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà sì dá a dúró síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe dá oògùn náà dúró lójijì, nítorí ìyẹn náà léwu; òun ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí Gàníyù ròyìn fún ìyá rẹ̀, Àmínà wo àwọn adìẹ tó ń fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ lójúde.

"Ẹyin tí mò ń tà yìí? Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè."

"Màámi, ọmọ wo? Irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi!"

Àmínà bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ obìnrin tó lóye ni. Láti ọjọ́ náà, kò ta gbogbo ẹyin mọ́. Ó ń se ẹ̀wà láàárọ̀, ó ń fi ègúsí àti ẹja gbígbẹ sínú ẹ̀fọ́, ó sì ń fi ẹ̀pà gba wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Ó ń fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi mímu, kí sòbìà má baà padà wá. Oúnjẹ pọ̀ jù fún Gàníyù lákọ̀ọ́kọ́, ló bá ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pẹ̀lú irin.

Àwọn tó ń pè é ní Ìgbálẹ̀ kò tètè rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Gàníyù ló wà níwájú lóko ègúsí. Àyà rẹ̀ ti gbòòrò, apá rẹ̀ ti le. Àmínà na ọwọ́ sí ọkọ́ kejì.

"Ẹ jókòó, Màámi."

Àmínà jókòó sábẹ́ igi, ó ń wò ó títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Alihamudulilai," ló wí.

Dàda náà yè é. Ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó padà sípò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbàràpá, ẹ má ra oògùn ìsanra lọ́wọ́ alákiri. Ẹni tó bá ti ń lò ó, kó tètè lọ rí dókítà, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń gbé irin, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó fúyẹ́, kó máa sinmi, kó sì máa jẹ oúnjẹ aṣaralóore. Ẹ̀yin òbí, ẹ má kó gbogbo ẹyin àti ẹ̀wà lọ sọ́jà. Ẹ fi ti ọmọ yín sílẹ̀. Ara tí a fi sùúrù bọ́ ló ń ṣiṣẹ́ fúnni.