Apá Ibo Ni Màmá Dúró Sí?

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lẹ ọ̀kan."

"Kánkán, fara balẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í lẹ fíìmù."

Bàbá àgbà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ fọ́tò ló sì ṣe láti kékeré. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé kan ń palẹ̀ mọ́, tí wọ́n fẹ́ da ẹ̀rọ àtijọ́ wọn nù, òun ló ní kí wọ́n gbé e wá sí ilé òun. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé, férémù ilẹ̀kùn sì bó nínú ọ̀ràn náà. Sikánà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò jọ pẹlẹbẹ kékeré tí ẹ ń rí ní ọ́fíìsì o. Ó tóbi bíi fìríìjì tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Rólà ńlá kan wà nínú rẹ̀ tó mọ́ gaara bí ìgò omi, ara rólà yìí ni wọ́n ń lẹ fíìmù mọ́. Wọn á nu eruku kúrò, wọn á ta òróró fẹ́ẹ́rẹ́ sí i kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́ rẹ̀, wọn á wá fi téèpù dè é létí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ni rólà á máa yí bí òkòtó, tí iná tíńtín kan á máa gba inú fíìmù kọjá, tí àwòrán á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Màmá àgbà fẹ́ràn ìró ẹ̀rọ náà. Ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń jókòó sí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, á máa bá rólà kọrin:

*Yí, yí, yí, ẹ̀rọ àgbà,*
*Yí ìgbà èwe mi padà wá fún mi;*
*Eyín tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà náà,*
*Méjì péré ló kù lẹ́nu.*

Ohun kan ṣoṣo ni Kánkán, ọmọ-ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń wá: kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ yẹn. Bàbá ti ní ọjọ́ tí ó bá dá lẹ fíìmù kan láìsí àbùkù, kọ́kọ́rọ́ di tirẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àṣìṣe pamọ́ fún mi," ni Bàbá fi kún un, "kò ní fọwọ́ kan rólà mi mọ́."

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé náà. Fọ́tò ìgbéyàwó Bàbá àti Màmá ni. Ọ̀gá tó kọ́ Bàbá níṣẹ́ ló yà á, Bàbá fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́. Nínú fọ́tò náà, apá òsì Bàbá ni Màmá wà. Màmá ní kò rí bẹ́ẹ̀.

"Apá ọ̀tún yín ni mo dúró sí," ni Màmá máa ń wí. "Mo mọ̀ pé etí òsì yín ò gbọ́ràn láti kékeré. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ síbi etí tó dáa, kí n lè rọra kọrin sí yín létí. Mo sì kọ ọ́."

Bàbá á wúkọ́. "Ìyá wọn, fọ́tò kì í parọ́. Wo ara rẹ níbẹ̀. Orin wo lo wá kọ sí etí tó dití?"

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Màmá náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́.

Fíìmù fọ́tò yìí wà nínú àpò ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀. Ìgbàkígbà tí Kánkán bá mú un, Bàbá á ní, "Ìyẹn ò kánjú. Fi í sísàlẹ̀."

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Bàbá lọ gẹrun, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ Kánkán, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ọgbọ́nòtán, wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Màmá yóò pé àádọ́rin ọdún lọ́jọ́ Ẹtì," ni Kánkán wí. "Fọ́tò yìí ni mo fẹ́ fún wọn."

Ó wọlé. Ó nu fíìmù, ó ta òróró, ó dè é pinpin. Rólà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwòrán yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó dán bí ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n Màmá wà lápá ọ̀tún Bàbá.

Kánkán sáré lọ wo ti pálọ̀, ó padà dé. "Mo ti lẹ̀ ẹ́ kọ ẹ̀yìn sí. Wò ó, kò bá ti ògiri mu."

"Kí ló le níbẹ̀?" ni Ọgbọ́nòtán wí. "Tẹ ibí yìí, kọ̀ǹpútà á yí i padà. Ta ni yóò mọ̀?"

"Bàbá á mọ̀."

"Bàbá wo? Ojú wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́."

Kánkán fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó yí padà, ó bá ti ògiri mu géé. Ọgbọ́nòtán súfèé lọ sílé.

Nígbà tí Bàbá dé, tí orí rẹ̀ ń dán, ó bá àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà. Ó dúró gbagidi. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó títí, ó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù.

"Kò sí eruku, kò sí afẹ́fẹ́," ni ó wí. "Ó yẹ kí n bá ọ wí pé o wọlé láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí dára. Gba kọ́kọ́rọ́."

Ó pe Màmá. "Ìyá wọn, kọ̀ǹpútà náà ti wá jẹ́rìí. Apá òsì."

Màmá wo àwòrán náà pẹ́. "Ó dáa," ni ó rọra wí. "Ó ní láti jẹ́ pé mo gbàgbé. Àgbà ti dé." Ó padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò sì kọrin.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dun Kánkán. Kọ́kọ́rọ́ wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọlọ.

"Bàbá, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín," ni ó wí. "Mo lẹ fíìmù yẹn kọ ẹ̀yìn sí. Apá ọ̀tún ni Màmá kọ́kọ́ yọ sí. Èmi ni mo yí i padà kí ẹ má bàa mọ̀."

Abẹ́rẹ́ Màmá dúró. Bàbá ì bá dákẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rọra ṣí fíìmù náà kúrò lára rólà, ó nù ún, ó gbé e sí ojú fèrèsé.

"Ka nọ́ńbà tó wà létí fíìmù yìí."

"Méjìlá."

"Ó kọjú sí ọ àbí ó kẹ̀yìn?"

"Ó kọjú sí mi."

"Ojú fíìmù gan-an nìyẹn. Ibo wá ni Màmá rẹ wà?"

Kánkán wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Apá ọ̀tún yín."

"O ò ṣi í lẹ̀. Èmi ni mo ṣi í fọ̀." Bàbá jókòó. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni. Nínú òkùnkùn yàrá ìfọfọ́tò, mo gbé fíìmù kọ ẹ̀yìn sí. Kí n tó mọ̀, fọ́tò ti wà lára ògiri, àwọn èèyàn ti ń kí mi pé mo mọṣẹ́. Ojú tì mí. Mo ní n ó tún un fọ̀ lọ́la. Ọ̀la yẹn ló di ọdún mẹ́tàlélógójì."

"Ọdún mẹ́tàlélógójì," ni Màmá wí, "tí ẹ fi ń pè mí ní òpùrọ́ nínú ilé ara mi."

"Dákun, ìyá wọn. Mo jẹ̀bi."

Màmá wò ó láti orí tó dán dé bàtà. Ẹ̀rín wá gbé e, ó rín in títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn tó bó yẹn mú. "A jẹ́ pé mo kọrin."

"O kọrin," ni Bàbá wí. Pẹ̀lú ohùn tó há bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́:

*Ẹni tó bá mi dúró lónìí,*
*Bá mi jókòó lọ́la;*
*Bí irun wa bá funfun tán,*
*Kí ẹ̀rín wa má ṣá.*

Màmá gbè é. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó jù ú sápò. "Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ fi àṣìṣe pamọ́, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rólà." Ọ̀sẹ̀ méjì náà sì ni. Bàbá ń fẹsẹ̀ palẹ̀ kiri ilé bí ọmọ tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé, wọ́n yí àwòrán kọ̀ǹpútà náà padà bó ṣe kọ́kọ́ yọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbé fọ́tò tuntun náà kọ́ sí pálọ̀. Ti àtijọ́ kò lọ sí ààtàn, òkè ẹ̀rọ náà ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Nígbà tí Ọgbọ́nòtán dé, tí ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀, Kánkán nawọ́ sí fọ́tò àtijọ́ náà.

"Ẹni tó fọ ìyẹn náà rò pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ọwọ́ tí kì í ṣàṣìṣe. Èyí tí a bá tètè sọ, ọjọ́ kan la fi ń tún un ṣe. Èyí tí a bá fi pamọ́, irọ́ la ó máa fi bọ́ ọ, ẹlòmíràn ni yóò sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.