Àga Funfun Tí Ìyá Rẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Jókòó Lé

Ọkùnrin kan wà tó ń ta ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn onígi, ilẹ̀kùn onírin, èyí tó bá wù ọ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn èèyàn ti gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, torí Ẹ Bọ́ Bàtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. N ó sọ bí orúkọ náà ṣe jẹ́. Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bí ó bá ti rẹ̀ ọ́, wá ibì kan jókòó sí. Ó ti rẹ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà rí.

Nígbà tí ọjà rẹ̀ ń tà dáadáa, ó ra ọkọ̀. Ọkọ̀ náà dára, àmọ́ ó ní awọ tó wà lára àga rẹ̀ ti dúdú jù, òun ń fẹ́ èyí tó funfun bí wàrà. Ó bá gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe lọ, ẹni tó ń rán awọ sí àga ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Abẹ́rẹ́ tẹ́ oríṣiríṣi awọ síwájú rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan tó pọ́n díẹ̀ sókè.

"Èyí ló yẹ ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé," ó wí. "Funfun dára lójú lóòótọ́, àmọ́ kì í bá èèyàn bo àṣírí. Jíǹsì tuntun á pa á láró. Oòrùn á mú un gbẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ tí kò le ni wàá máa fi nù ún, wàá sì máa fi ìpara awọ pa á. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, má ṣe jẹ́ kí oògùn tí wọ́n fi ń bó aṣọ kàn án láéláé."

"Rán funfun," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Kí ẹni tó bá yọjú wò ó mọ̀ pé èèyàn gidi ló ni ín."

Abẹ́rẹ́ rán funfun. Ó dán, ó dùn ún wò, kí n má purọ́. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, àmọ́ ta ló máa sọ ìyẹn fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dán?

Láti ọjọ́ náà ni ìsinmi ti kúrò nílé wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀, á ní, "Ẹ bọ́ bàtà." Àwọn ọmọ á ki bàtà ilé ìwé wọn bọ inú ọ̀rá, wọ́n á gbé e lé itan. Ìyàwó rẹ̀ kò lè jókòó láìtẹ́ aṣọ ìnura. Oníbàárà kan tiẹ̀ bi í pé, ṣé kí òun ṣe àlùwàlá kí òun tó wọlé ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Láràárọ̀, kí ó tó bọ́jú, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ àti ike ìpara. Orúnkún tí kò kúnlẹ̀ gbàdúrà rí ló ń fi kúnlẹ̀ nu àga. Ọ̀rẹ́ mi, ohun tí èèyàn bá ń kúnlẹ̀ fún láràárọ̀, òun ni ọlọ́run rẹ̀, ì báà jẹ́ awọ.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Orúnkún a máa dun màmá náà, ó sì ní ìpara kan tó fi ń ra á. Ìpara náà lóòórùn, ó sì ń fa àbàwọ́n. Ọmọ rẹ̀ bá wá ọ̀rá fífẹ̀ kan, èyí tó máa ń tẹ́ fún un sórí àga ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá yà síbí, ọ̀rá á dún, màmá á yọ̀, á yára di ilẹ̀kùn mú. Nígbà tó pẹ́, ìyá náà ní, "Ọmọ mi, máa lọ. Ẹsẹ̀ ni n ó máa fi rìn. Díẹ̀díẹ̀, n ó dé ibi tí mò ń lọ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ìtura ló jẹ́ fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká màmá mọ́ ọ̀nà bó ṣe ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wakọ̀ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ó rí i níwájú, tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí ẹrẹ̀ mù ún dé kókósẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ sókè. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lọ sórí bíréèkì, ọkọ̀ kọjá rẹ̀ díẹ̀, ó rọra ń dúró.

Ìgbà náà ló rántí pé ọ̀rá kò sí nínú ọkọ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó wà lórí okùn nílé. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "N ó sáré lọ mú un. Kò ní pẹ́." Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ.

Ó padà wá lóòótọ́. Àmọ́ kó tó dé, màmá ti yọ̀ ṣubú sí etí gọ́tà. Ó bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń gbé e, ẹsẹ̀ kan kò gbà á mọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí àga funfun náà bó ṣe wà. Ọ̀rá wà ní kíká lábẹ́ apá ọmọ rẹ̀.

Eegun ìbàdí ló kán. Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, màmá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Má da ara ẹ láàmú. Òjò yẹn pọ̀. Mo mọ̀ pé o ò rí mi ni."

Ó la ẹnu láti sọ òtítọ́. Ohun tó jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Mi ò rí yín."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ṣọ́ọ̀bù ń ṣí, ó ń pa dé, kò mọ ohun tó tà. Bó bá sì ti wọ ọkọ̀, àmì ẹ̀jẹ̀ màmá lára àga funfun ń wò ó láti ẹ̀yìn. Ó fi ọṣẹ nù ún, kò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó da oògùn tí wọ́n fi ń bó aṣọ lé e lórí, ó wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á.

"Dádì wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í lẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ṣé ẹ ò rí i pé awọ ti ń bó ni?"

Ó ń ha á lọ. Àmì náà kò kúrò, ó kàn di pupa rúsúrúsú, awọ tó yí i ká sì le bí èèpo igi. Ó wa ọkọ̀ lọ bá Abẹ́rẹ́.

"Bá mi fi ọ̀dà bò ó," ó wí. "Mi ò fẹ́ rí i mọ́."

Abẹ́rẹ́ fi ìka kàn án. "Mo lè kùn ún, á sì dán. Àmọ́ bí èèyàn bá ti ń jókòó lé e, á máa ṣí, torí ohun tó wà lábẹ́ kò tíì kúrò." Ó gbójú sókè wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an? Àga kọ́ ló sọ ojú ẹ dà báyìí."

Ẹ Bọ́ Bàtà wọnú ọkọ̀, ó jókòó sórí àga ẹ̀yìn tòun ti bàtà.

"Mo rí wọn," ó wí. "Mo rí Màámi nínú òjò. Mo tẹ bíréèkì, mo tún gbé ẹsẹ̀ kúrò, torí ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Mo wá sọ fún wọn pé mi ò rí wọn. Mo ti nù ún, mo ti fọ̀ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí." Ó bú sẹ́kún.

Abẹ́rẹ́ gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó jókòó tì í.

"Mi ò ní sọ fún ẹ pé kò burú. Ó burú. Àmọ́ Jésù ò wá torí àwọn tó mọ́ tónítóní. Ẹni tí ẹrẹ̀ ti bà jẹ́ ló ń wá. Kì í ní ká bọ́ bàtà ká tó wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ ẹsẹ̀ wa. Orí igi àgbélébùú ló ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sanwó ìwẹ̀nùmọ́ ẹ. Má kùn ún mọ́. Jẹ́wọ́ ẹ̀ fún un."

Níbẹ̀, láàárín òórùn gọ́ọ̀mù àti awọ, ọkùnrin náà gbàdúrà àkọ́kọ́ tó ti ọkàn rẹ̀ wá. "Jésù Olúwa, mo rí wọn, mo sì kọjá. Mo tún purọ́. Mi ò lè fọ ara mi mọ́. Ṣàánú mi, gbà mí." Ohunkóhun kò mì. Ó kàn mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù tó ti rù láti ọ̀nà jíjìn kalẹ̀.

"Ó ku ẹnì kan tó o máa bá sọ̀rọ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ó lọ tààrà sí ilé ìwòsàn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màámi, irọ́ ni mo pa. Mo rí yín lọ́jọ́ náà."

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo mọ̀," ó wí. "Mo rí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ nígbà tó tàn, tí o fẹ́ dúró. Mo rí i nígbà tó kú. Mo ní kí n bò ọ́ láṣìírí ni, mo sì ti ń retí pé wàá wá sọ ọ́ fúnra ẹ. Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá màmá sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló gbé e wọnú ọkọ̀. Ìpara wà lórúnkún rẹ̀. Ó dúró kó tó fara ti àga, ó ní, "Ọ̀rá ńkọ́?"

"A ti jù ú nù, Màámi."

Abẹ́rẹ́ ti rọra fi ọṣẹ tó yẹ nu awọ náà, ó ti fi ìpara rọ̀ ọ́, àmọ́ àmì náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ Bọ́ Bàtà kò jẹ́ kí wọ́n kùn ún.

Ìwọ tí o ń kàwé yìí, ìwọ ńkọ́? Kí ni ò ń fi ọ̀dà bò? Ọlọ́run rí iná ọkọ̀ tìrẹ náà nígbà tó tàn, ó sì rí i nígbà tó kú. Bí ó bá dákẹ́, má rò pé kò mọ̀. Ó ń dúró dè ọ́ ni, ìdáríjì rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ nítorí ikú Ọmọ rẹ̀.

Àmọ́ má fi sùúrù rẹ̀ ṣeré. Màmá yẹn ì bá ti kú sínú gọ́tà, ọ̀rọ̀ ì bá sì há ọmọ rẹ̀ lọ́fun títí ayé. Ta ló ṣèlérí ọ̀la fún ọ? Sọ ọ́ fún Jésù lónìí, bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ. Ibi tí o jókòó sí yìí tó. Má wulẹ̀ bọ́ bàtà.