Ọwọ́ Tó Kan Ẹnu Ọmọ

Ọyàn Yéjídé ló jí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wàrà ti kún un, ó ń ro ó, ó sì yà á lẹ́nu pé Bímbọ́lá kò tíì ké. Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà lórí ẹní. Ara rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Kò sí èébì lẹ́nu rẹ̀, ibà kò mú un lálẹ́ àná, kò sì sí ibi tí kòkòrò kankan ta á. Ọmọ oṣù márùn-ún tó fi ẹ̀rín sùn ni kò jí mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ lánàá tí kì í ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Màmá Leah, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ti ìka bọ inú ẹ̀kọ mímu tirẹ̀, tó fi kan ahọ́n ọmọ náà. "Ó ti tó kí òun náà máa tọ́ nǹkan wò," ni màmá wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Yéjídé wà níbẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀bà-Ilé kò tóbi nígbà náà. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ìka Màmá Leah ti dé ojú odò. Ọmọ Oǹdó ni màmá. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ọ̀bà-Ilé ti kú tipẹ́, ó sì ti padà sí ilé bàbá rẹ̀ kí ó tó wá bá Silas ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kì í yé àwọn ará àdúgbò. Bí ó bá ń rẹ ọmọ, èdè Oǹdó ló fi ń rẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ti gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé àwọn ti gbọ́ ọ tó ń sọ nǹkan sí Bímbọ́lá létí, nǹkan tí kò jọ orin.

Ọdún yẹn kan náà ni iná ọyẹ́ jó oko kòkó Silas kanlẹ̀. Nígbà tí igbó tán, àwọn ẹyẹ inú rẹ̀ wọ ìlú. Òwìwí wá ń bà sórí òrùlé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bí ó bá ké báyìí, àwọn obìnrin á kó ọmọ wọn wọlé, wọ́n á sì wo ọ̀kánkán yàrá Màmá Leah. Ọmọ kú, oko jóná, ẹyẹ ń ké lórí ilé. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ìka kan.

Nígbà tí Yéjídé fi máa bí Ọmọ́níyì, nǹkan ti le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ènìyàn ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kí wọ́n tó rí iyọ̀ rà, agolo wàrà sì ti di ohun tí àwọn ọlọ́jà ń fi pamọ́. Silas ń gbin ẹ̀gẹ́ sórí eérú kòkó rẹ̀. Yéjídé ń yan gàrí, ó ń gbé e lọ tà ní Arakale, ní Àkúrẹ́. Màmá Leah ṣì wà nínú ilé, nítorí Silas kò rí ẹnu lé ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Yéjídé fúnra rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ.

Wòlíì Adébùsóyè, tó ní ilé àdúrà lẹ́bàá ọ̀nà Àkúrẹ́, ti ríran sí i nígbà tó wà nínú oyún. "Ọwọ́ tó mú ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ilé," ni wòlíì wí. "Má jẹ́ kó bọ́ èyí."

Yéjídé sọ fún Silas pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ọmọ náà lẹ́nu, àfi ọyàn òun.

"Títí di ìgbà wo?" ni Silas bi í.

"Títí tí yóò fi lè sọ ẹni tó fún un."

Ní oṣù karùn-ún ọmọ náà, Yéjídé kò fi bẹ́ẹ̀ sùn. Nígbà tí oṣù náà kọjá, tí ọmọ ṣì ń mí, ó gbà pé ọ̀nà tí òun ń tọ̀ ló dára. Ọmọ náà sì tó ọmọ í wò nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù keje, Ọmọ́níyì ti ń wo ẹnu ènìyàn. Bí ọwọ́ bá kúrò nínú abọ́, ojú rẹ̀ á tẹ̀lé e lọ sókè; bí wọ́n bá ń jẹ, òun náà á máa jẹ ahọ́n ara rẹ̀.

"Yéjídé," ni Màmá Leah wí nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ kan, "ọmọ yìí ń fi ojú bá òkèlè lọ."

"Ẹ jẹ́ kó máa wò ó, Màmá."

"Ọyàn nìkan kò lè gbé e mọ́. Ìwọ gan-an kò jẹun kánú. Kí ni ọmọ fẹ́ rí fà níbẹ̀?"

"Ẹ sọ ọ́ nígbà ti Bímbọ́lá náà, pé ó ti tó."

Silas tẹ orí mọ́ abọ́ rẹ̀. Màmá Leah dìde. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀, ó lọ jẹ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń jẹun níbẹ̀, kí ọmọ má baà máa wo ẹnu rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án dé, Ọmọ́níyì kò rá. Irun orí rẹ̀ ń pọ́n, apá rẹ̀ tín-ín-rín, ẹkún rẹ̀ sì dà bí ẹkún ọmọ ológbò. "Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ ni," ni wọ́n ń wí lójú odò. Àwọn mìíràn ní ojú Màmá Leah ti ń dán, pé ibo ni ẹran ara ọmọ ń lọ bí kò bá lọ sọ́dọ̀ ẹni kan.

Bí Yéjídé bá ń lọ sí Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ Àmọ̀kẹ́, ìyàwó Gàníyù aláṣọ, ló ń gbé ọmọ sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ilé wọn kò sì ju ọgbà kan lọ sí tiwọn. Yéjídé ń fún ọmọ lọ́mú kí ó tó lọ, á sì tún fún un bí ó bá dé. Ó kìlọ̀ fún Àmọ̀kẹ́ pé omi tí wòlíì gbàdúrà sí nìkan ni kí ó fi kan ọmọ náà lẹ́nu, kí ó má sì jẹ́ kí màmá sún mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí ara ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Ó jókòó fúnra rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀. Yéjídé gbé gàrí lọ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wòlíì. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bí ó bá ti ọjà dé, ọmọ náà á kọ ọyàn, á yí orí kúrò, bí ẹni tó ti yó níbòmíràn. Ní ọjọ́ tí kò bá lọ sí ọjà, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, ọmọ á kọjú sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé, á máa ké síbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Ṣé ẹnì kan ń wá wò ó lọ́dọ̀ rẹ?" ni ó bi Àmọ̀kẹ́.

"Ta ni yóò wá?" ni Àmọ̀kẹ́ wí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Ní ọjọ́ kan, gàrí Yéjídé tà kíá, ọkọ̀ sì tètè kún. Oòrùn ń pọ́n lẹ́yìn ọ̀pẹ nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé Àmọ̀kẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Òwìwí wà lórí ilé ìdáná. Ó yí ojú róbótó rẹ̀ sí i, kò fò. Ohùn kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ní èdè Oǹdó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ohùn náà ń sọ ní àsọtúnsọ.

Yéjídé rọra sún mọ́ ọn. Ó fara ti ògiri, ó yọjú. Àmọ̀kẹ́ jókòó sórí àpótí, ó gbé Ọmọ́níyì lé ẹsẹ̀. Màmá Leah kúnlẹ̀ níwájú wọn bí ẹni tó ń bọ nǹkan, ìka rẹ̀ wà nínú ẹnu ọmọ. Nígbà tó yọ ọ́, ìka náà pupa. Àgbọ̀n ọmọ pupa, àyà rẹ̀ pupa.

"Ẹ̀jẹ̀," ni Yéjídé wí.

Àmọ̀kẹ́ gbé orí sókè. "Epo ni, Ìyá Ọmọ́níyì. Epo àti ẹ̀wà ni. Ẹ sún mọ́bí kí ẹ wò ó."

Yéjídé já ọmọ gbà. Ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wa oúnjẹ náà jáde. Ọmọ náà fi èrìgì di ìka rẹ̀ mú, ó ń fà á.

"Mo bọ́ ọ," ni Màmá Leah wí. Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Láti ìgbà tí o ti ń rí i tó ń sanra ni mo ti ń bọ́ ọ. Ebi ló ń pa á."

"Ta ló rán yín?"

"Ẹkún rẹ̀ ni."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àgbàlá Silas ti kún. Kò sí ẹni tó jiyàn pé ẹ̀wà kọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìdí tí a fi ń jẹ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Oúnjẹ tó mọ́ kì í sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Àmọ̀kẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnì kan sì bi í bóyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà ti wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Gàníyù fa ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá," ni Silas wí, kò wo ojú ìyá rẹ̀, "ẹ lọ sinmi ní Oǹdó fún ìgbà díẹ̀."

Màmá Leah kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ọmọ náà kí òun tó lọ. Yéjídé fi ìró bo ọmọ lójú.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ara tí Ọmọ́níyì gbé wọ̀ tún bọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, á kọjú sí ọgbà, á ya ẹnu sílẹ̀, kò sì ní ké. Ẹnu yíyà náà ba Yéjídé lẹ́rù ju ẹkún lọ. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan tí kò hàn sí òun dúró níbẹ̀, tí ọmọ ń dá a lóhùn.

"Ó ń pè é láti Oǹdó ni," ni Wòlíì Adébùsóyè wí. "Gbààwẹ̀, má fi omi kan ẹnu. Kó gbọ́ láti ibẹ̀ pé o kò yọ̀ǹda ọmọ fún un."

Yéjídé gbààwẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú. Ọyàn rẹ̀ rọ̀ bí àpò tí wọ́n ti da ohun inú rẹ̀ nù. Ọmọ náà á fà á, á fi í sílẹ̀, á wo ojú ìyá rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ ṣínu, Silas se àsáró fún un pẹ̀lú ìwọ̀nba iṣu tí wọ́n ní. Ọmọ́níyì sùn sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó dákú. Yéjídé fi ṣíbí bu àsáró, ó ń fẹ́ ẹ. Kò tíì gbé e dé ẹnu tí ọmọ náà fi la ojú, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Yéjídé kò mọ̀ pé irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣì kù nínú ara yẹn. Ọmọ náà fa ṣíbí sí ẹnu ara rẹ̀, ó jẹ ohun tó wà níbẹ̀, ó gbé e mì, ó sì tún ya ẹnu.

Bí ó ṣe ń ya ẹnu sí ọgbà gẹ́lẹ́ ni.

"Yéjídé," ni Silas wí lẹ́nu ọ̀nà, "wòlíì ní..."

"Mo gbọ́ ohun tí wòlíì ní."

Ó tún bu ú. Epo ta sí ìró rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bí ọmọ bá kú, kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tí yóò tọ́ka sí. Ó bọ́ ọ títí ọmọ náà fi pa ẹnu dé fúnra rẹ̀, tó sì sùn.

Òun kò sùn. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí àyà ọmọ náà, ó ń retí kí ó tutù. Ẹyẹ ń ké lórí òrùlé, ó sì ń rò ó pé bóyá báyìí náà ni ìyá ọkọ òun ṣe jókòó ní òru lẹ́yìn ikú Bímbọ́lá, tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Nígbà tí àkùkọ kọ, ọmọ náà ta á nípàá, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún líle tó gba ilé kan. Ebi ló ń pa á. Silas dìde, ó lọ gbé ìkòkò àná kaná, kò dúró de ẹni tí yóò rán an.

Wòlíì gbọ́ pé ọmọ náà ti ń rá, ó ní àdúrà ti gbà. Ohun tí àwọn tó lé Màmá Leah náà wí nìyẹn. Yéjídé pọn ọmọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Oǹdó.

Ó bá màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀, tó ń ṣa ìrẹsì. Ara màmá ti gbẹ. Yéjídé kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

"Mo wá mú yín lọ sílé, Màmá. Mo ṣẹ̀ yín. Ebi ni. Mo ti rí i pé ebi ni."

Màmá Leah wo ẹsẹ̀ ọmọ náà tó yọ nínú ọ̀já. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde. Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè sùn mọ́ nínú ilé tí wọ́n ti ń fetí sí bí mo ṣe ń mí."

"Màmá, kí ló wá pa Bímbọ́lá?"

Màmá ti ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ kan. "N kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń pè mí ní àjẹ́, mo máa ń jí, màá wo ọwọ́ mi. Màá ní bóyá mo lọ lóòótọ́, tí n kò mọ̀."

Yéjídé sọ ọmọ kalẹ̀. Ó tú ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó gbé wá nínú ewé, ó gbé e síwájú màmá. "Ẹ bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ojú mi rí i."

Màmá Leah fọ ọwọ́. Ó na ọwọ́ náà dé ìdajì ọ̀nà, ó sì fà á padà, ó fi méjèèjì sí àárín orúnkún rẹ̀. "Ìwọ bọ́ ọ," ni ó wí. "Èmi á máa wò."

Yéjídé bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Ó tún bu òmíràn, ó yára jù, ó sì há ọmọ náà lọ́fun. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò rí èémí. Yéjídé dì gbagidi, ó gbé ojú wo ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá Leah ti dìde dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì so pọ̀ mọ́ra bí ọwọ́ tí wọ́n dè. Ọmọ náà wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó gbé e mì. Ó wo ọ̀kan nínú wọn, ó wo ìkejì, ó sì ya ẹnu.

Màmá Leah rọra jókòó padà. "Máa bu ú kéékèèké," ni ó wí.