Ẹkún Ìyá Burul Tí Kò Bá Fídíò Jáde

Fídíò náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi pé ohùn Ìyá Burul kò bá a jáde.

Begimay dá a padà sẹ́yìn, ó tún un wò. Ìró ẹsẹ̀ ẹṣin wà. Ẹ̀rín àwọn obìnrin ilé wà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Ìyá Burul ti di Ayperi, ọmọ rẹ̀ tó ń lọ ilé ọkọ, mú tó ń sunkún ìdágbére fún un, ẹnu ìyá ń lọ, ohùn kò sí. Bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ọ ketekete nínú íàfóònù nígbà tó ń to fídíò náà. Kò kàn fetí sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni. Ẹni tó ń to fídíò ìgbéyàwó mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní ìlú Naryn, ẹkún ìyàwó ti sú u.

Ọ̀la ni Ìyá Burul máa pé ogójì ọjọ́ tó kú. Ayperi kò ní ohùn ìyá rẹ̀ níbòmíràn láyé. Ó ti bẹ Begimay pé kó bá òun yọ ọ́ jáde, kí ẹbí lè gbọ́ ọ kí wọ́n tó jẹun òkú.

Begimay yẹ ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn wò: kò sí èyí tó pa. Ó yẹ ibi tí wọ́n ń fàmì sí kí ohùn lè bá àwòrán jáde wò: àmì wà níbẹ̀. Ó yí irú fáìlì padà, ó yọ fídíò náà jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹnu ń lọ, ohùn kò sí. Ó gbé íàfóònù sétí. Ohùn náà wà, ó sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń mí síni lọ́rùn. Òórùn boorsok, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n ń dín fún òkú, gba inú yàrá kan, bẹ́ẹ̀ kò dáná.

Ó pe Erkin tó ya fídíò náà.

"Bọ̀ọ̀dá Erkin, fáìlì yín ń fi mí ṣẹ̀sín."

"Kọ̀ǹpútà tìẹ ló darúgbó. Jẹ́ kó fẹ̀yìn tì."

"Ẹ má bá mi ṣeré, ẹ jọ̀ọ́. Ẹkún Ìyá Burul lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ ọ, ó kọ̀ láti jáde."

Erkin rẹ ohùn sílẹ̀.

"Begimay, mi ò gba ohùn ibẹ̀ yẹn. Ìyá ló fà mí lápá. Wọ́n ní, 'Pa ẹ̀rọ yẹn, ọmọ mi. Ẹkún tí mo fi ń sin ọmọ mi lọ ilé ọkọ, ẹ má gbà á sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, ti òkú ni.' Mo yọ maikirofóònù. Ojú ló ń tì mí láti sọ fún Ayperi."

Kọ̀ǹpútà Begimay kéré, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fún àwọn ìlà tó ń fi ìró hàn lójú rẹ̀ pọ̀ di tín-ín-rín kí àwòrán lè ráyè. Láti àárọ̀, kò tíì wo inú wọn. Ó fà wọ́n fẹ̀. Níbi ẹsẹ̀ ẹṣin, ìlà náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí adágún tó ti dì.

Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ohùn ìyá bẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ayperi wọlé, òróró lápá aṣọ rẹ̀.

"Àǹtí Begi, ṣé ó ti ṣe tán? Àwọn tó ń dáná ní bí mo bá pẹ́, àwọn á dín mí mọ́ boorsok."

Kí Begimay tó nawọ́, Ayperi ti gba íàfóònù, ó ti fi sétí. Omi lé e lójú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí kọ́ ni Ìyá sun fún mi," ó wí jẹ́jẹ́.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń pe ọmọ kan. Wọ́n ní kó má bẹ̀rù, pé ọ̀nà kò jìn, àwọn ti ń dúró dè é." Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ikùn. "Àná ni mo mọ̀, àǹtí. Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi."

Begimay fa okùn íàfóònù yọ lára kọ̀ǹpútà.

Ayperi di ojú pinpin, íàfóònù ṣì wà létí rẹ̀. "Àǹtí, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ okùn náà."

Okùn náà wà lọ́wọ́ Begimay.