Alátọ́ọ̀ṣì àti Ọmọ Oníbàtà

Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọ oníbàtà kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ ọkùnrin gbọọrọ tó yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá àwọn aláboyún nílé ìwòsàn. Iná tọ́ọ̀ṣì ń tàn lábẹ́ ibẹ̀. Ó fẹ́ pariwo, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ nù síbẹ̀?"

Ọkùnrin náà yọ jáde, eruku kún orí rẹ̀. Ẹ gbà mí, ọkùnrin yìí dára. "Mò ń wò ó bóyá bẹ́ẹ̀dì yìí lè gba aláboyún dúró ni. Ẹni tó rà á fojú sí i gan-an."

"Èmi ni mo rà á."

Olùyẹ̀wò ni ọkùnrin náà. Ìgbìmọ̀ tó ń fi àmì-ẹ̀yẹ dá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàánú lọ́lá ló rán an. Obìnrin yìí ní tirẹ̀ ló ń darí ẹ̀ka ìtọrẹ nílé-iṣẹ́ bàtà bàbá rẹ̀, òun ló sì fi bẹ́ẹ̀dì ta ilé ìwòsàn yìí lọ́rẹ. Bàbá sì ti ń retí àmì-ẹ̀yẹ náà tipẹ́tipẹ́, ó ti kan ìṣó tí yóò fi gbé e kọ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì.

Olùyẹ̀wò kì í sọ ọjọ́ tí yóò dé, kí ẹnikẹ́ni má baà tún ilé ṣe dè é. Bí ọmọ oníbàtà ṣe sọ ilé ìwòsàn di ibi tó ń lọ lójoojúmọ́ nìyẹn, tòun ti aṣọ tó dáa jù lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà wò ó títí.

"Ọmọ mi, àbí o ti gbaṣẹ́ níbí ni?"

Ìfẹ́ dà bí oyún, kò ṣe é fọwọ́ bò. Bí Alátọ́ọ̀ṣì bá dé, á béèrè omi ẹ̀rọ, á béèrè oògùn, á tún béèrè bóyá obìnrin náà ti jẹun.

"Ṣé ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ yẹ̀ wò?"

"Rárá o. Èmi ni mo fi kún un."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò mú tọ́ọ̀ṣì wá. "Mo ti ní kí ìgbìmọ̀ fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, mi ò sì lè ṣèdájọ́ iṣẹ́ yín mọ́. Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni ìfẹ́ yìí mú, orúkọ yín ṣì wà lára àwọn tó lè gba àmì-ẹ̀yẹ. Tó bá jẹ́ àwa méjèèjì, wọ́n á yọ ọ́ lọ́dún yìí."

Obìnrin náà ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ fi pè é, bàbá rẹ̀ sì bá a lọ. Alátọ́ọ̀ṣì jókòó sí igun yàrá, ó ń wolẹ̀. Ìyá àgbà tó jẹ́ alága kò fọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ràn ọkùnrin yìí?"

Rárá kan ṣoṣo, àmì-ẹ̀yẹ ti di tiwọn. Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, mà," ó ní. "Bẹ́ẹ̀dì yẹn ò ní wó torí pé ẹ yọ orúkọ wa. Àmọ́ tí mo bá sẹ́ ẹ lónìí, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó lọ́la?"

"Àmì-ẹ̀yẹ yín di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn," ni alága wí.

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Alátọ́ọ̀ṣì. "Ìwọ ọkùnrin yìí, o gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ mi, o tún fẹ́ gba ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mú àwọn òbí ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pẹ́."

Ọmọ oníbàtà dìde, ó rìn kọjá níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, ó sì fa olólùfẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ sókè. "Olówó orí mi, ṣé o gbọ́? Sátidé ni wọ́n wí."