Ihò Méje Ara Ògiri

Mardiyah kúnlẹ̀ síwájú ògiri òkúta tí bàbá rẹ̀ àgbà ń mọ, ó ń wá ibi tí òkúta ọwọ́ rẹ̀ yóò ti bá àwọn yòókù mu. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, kò wọlé. Nígbà tó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, òkúta náà jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ọmọ tó rí itan ìyá rẹ̀.

Bàbá Àbdùlgàfár fọwọ́ tọ́ ọ wò, ó sì rẹ́rìn-ín. Láti Abẹ́òkúta ni ó ti gbé iṣẹ́ yìí wá sí Ìsọlọ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì báyìí, ọwọ́ ni ó fi ń dá òkúta mọ̀. Ògiri yìí ni yóò máa di ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé Alàgbà Olúsọjí mú, kí òjò má baà wọ́ ilé lọ sísàlẹ̀. Bàbá dá ihò méje sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni omi inú ilẹ̀ yóò máa gbà jáde.

Àwọn ihò yìí ló kó bá Mardiyah. Tẹjú, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ń kọjá lọ sílé ní Jakande, ó dúró wò ó.

"Ẹ wo ògiri akáyín," ó ní. "Mardiyah, ṣé símẹ́ńtì ló tán, àbí ẹ gbá ògiri yín létí ni?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Akáyín ti di orúkọ Mardiyah ní ilé ìwé.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Bàbá lọ kírun Ásárì. Mardiyah wo símẹ́ńtì tó ṣẹ́ kù, ó wo àwọn ihò náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ó dí méjèèje, ó fi iyẹ̀pẹ̀ pa ojú wọn rẹ́ dáadáa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ògiri yọ ikùn bí aboyún, ilẹ̀ kíṣìnnì Alàgbà sì là. Nígbà tí wọ́n pe Bàbá, ẹrẹ̀ ti bo ẹsẹ̀ ògiri, kò sẹ́ni tó rí ibi tí ihò wà. Bàbá fọwọ́ pa ikùn ògiri náà títí.

"Ẹ má bínú, Alàgbà," ó ní. "Ojú mi ló kọ́kọ́ lọ. Ó jọ pé ọwọ́ náà ti tẹ̀ lé e."

Nígbà tí wọ́n délé, ó fi aṣọ wé òòlù rẹ̀, ó ní kí Mardiyah gbé e fún Sirajudeen, ọmọṣẹ́ òun àtijọ́ tó wà ní Òṣòdì. Òun kò ní í lò ó mọ́.

Mardiyah gbà á. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Bí ó bá ti lè dé Òṣòdì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèkù òòlù náà ti jinnú níbi tí àtàǹpàkò Bàbá ti ń gbé láti ogójì ọdún, àtàǹpàkò tirẹ̀ sì bọ́ sínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ yín. Èmi ni mo dí ihò méjèèje."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan òwe aláǹgbá. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń yí wọn bí ẹni ń yí òkúta. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣọ̀fọ̀ ọwọ́ yìí," ó ní. "Aláǹgbá nìkan lo rò, o gbàgbé omi." Ó nu ojú rẹ̀. "Dìde. Ìwọ ni yóò fẹnu ara rẹ sọ fún Alàgbà. Lẹ́yìn náà, a ó tún un mọ."

Alàgbà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ṣùgbọ́n kò lé wọn. Mardiyah fi òòlù lu àwọn ihò náà là, omi pupa sì ru jáde, ó dà sí i lára. Sátidé mẹ́rin ni òun àti Bàbá fi tú ikùn ògiri náà, tí wọ́n sì tún un tò.

Tẹjú tún kọjá. "Akáyín ti padà dé," ó ní.

"Ibi tó ti ká yẹn ló fi ń mí," ni Mardiyah dá a lóhùn, kò sì gbójú sókè.

Tẹjú sún mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà, ó gbé òkúta kan nílẹ̀, ó béèrè ibi tí òun lè fi sí.

Nígbà tí òjò mìíràn dá, omi ń sun jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ẹsẹ̀ ògiri. Mardiyah wá mọ̀ pé àṣìṣe tí a bá fi pamọ́ kò yàtọ̀ sí omi ẹ̀yìn ògiri: bí kò bá rí ọ̀nà jáde, ohun tí a fẹ́ràn ni yóò wó. Ẹ̀rín ẹgbẹ́ kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ ba iṣẹ́ àgbà jẹ́.

Ó di Bàbá lápá mú bí Bàbá ṣe ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n pé," ni Bàbá wí.