Orí Ẹja Inú Òkúta Funfun

“Ẹja nínú òkúta? Ta ló sè é, ìyá ẹ àbí bàbá ẹ?”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó ló sọ ọ́ sí ọmọbìnrin kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin náà ń gé òkúta funfun, òkúta fífúyẹ́ tó ti wà nísàlẹ̀ òkun nígbà ìwáṣẹ̀. Eruku rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ ọmọ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe ń pè é ní Oníyẹ̀fun.

“Mo fojú ara mi rí i!”

“Gbé e wá ká rí i, òpùrọ́!”

Egungun ẹja ńlá ni, ó nà gbọọrọ lára ògiri kòtò tí bàbá rẹ̀ ti ń gé òkúta, látorí dé ìrù. Bàbá ti kìlọ̀: “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá bá a lódindi lọ́la, wọn ò ní jẹ́ kí ọ̀gá tó ni kòtò fi katapílà wó ibẹ̀.”

Ọmọ gbọ́, kò gbà. Nírọ̀lẹ́, ó mú ayùn bàbá rẹ̀, ó gé orí ẹja náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé e sójú fèrèsé kíláàsì kí gbogbo ayé lè wò ó. Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé abẹ́ ibòji ni wọ́n ń jẹ́ kí òkúta tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ti gbẹ! Oòrùn ràn án, ó là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó di ẹ̀rún.

“Ẹja rèé? Kò lójú, kò lẹ́nu!” Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó fẹnu fẹ́ ẹ dànù.

Oníyẹ̀fun sáré lọ sí kòtò. Àwọn onímọ̀ ti dé. Obìnrin tó ṣáájú wọn ń mi orí. “Orí ló máa sọ irú ẹja tó jẹ́. Láìsí i, mi ò lè ní kí wọ́n dáṣẹ́ dúró.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ ti gbọ́. Egungun lásán ni.”

“Egungun lásán!” Bàbá bú jáde. “Ohun tẹ́ ẹ ti ń wá nìyẹn! Ta ló gbé ayùn sọ́fun ẹja mi?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Bàbá wò ó. Ó yíjú kúrò lára rẹ̀. Ìyẹn dun ọmọ ju ẹgba lọ. Ẹni tó sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló bà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, katapílà ti lọ egungun náà di lẹ́búlẹ́bú. Inú bí Oníyẹ̀fun sí ọ̀gá, inú bí i sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ ló di ayùn mú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó fi yẹ̀yẹ́ tì yín síṣẹ́ ibi kò ní bá yín ru ẹ̀bi rẹ̀. Bí ẹlẹ́gàn bá ní irọ́ lẹ̀ ń pa, ẹ jẹ́ kó máa wí: òótọ́ kì í torí ẹ̀gàn di irọ́.